Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Bí a Ṣe Lè Mú Ìṣàkóso Báǹkì Pàǹtírí Àdúgbò Dára Sí I

Lẹ́tà tí ẹ kọ sí abala yìí lórí báǹkì pàǹtírí pọ̀ débi pé a kò lè dá gbogbo wọn lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà. A yan àwọn tí ọ̀rọ̀ inú wọn kan ìṣàkóso, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ báǹkì ti ń fọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé pàǹtírí kò wọ́n wọn. Fún àǹfààní òǹkàwé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa, báǹkì pàǹtírí ni ibi tí àwọn ará àdúgbò máa ń kó ike, páálí, ìwé, agolo, irin àti ìgò tí wọ́n ti ṣà sọ́tọ̀ nílé wá, tí a ó wọ̀n ọ́n lójú wọn, tí a ó kọ ọ́ sínú ìwé ìfowópamọ́ wọn, tí wọn yóò sì gba owó wọn nígbà tí báǹkì bá ti tà á fún àwọn tí ń ṣe àtúnlò. Bantul, ní agbègbè Yogyakarta ní orílẹ̀-èdè Indonesia, ni èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2008, nígbà tí Bambang Suwerda, tí ó jẹ́ olùkọ́ ìmọ̀ ìlera àyíká, dá báǹkì Gemah Ripah sílẹ̀. Ní ọdún 2012 ìjọba orílẹ̀-èdè náà ṣe ìlànà fún irú báǹkì bẹ́ẹ̀, ìlànà mìíràn sì rọ́pò rẹ̀ ní ọdún 2021. A ó mẹ́nu ba ìrírí wọn níbi tí ó bá ti wúlò, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ kọ sí wa lè ṣẹlẹ̀ níbikíbi tí ènìyàn bá ti gbé ohun tí ó níye lórí lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ pé kí ó bá òun tà á.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akápò báǹkì pàǹtírí àdúgbò wa. Ọjọ́ tí àwọn ènìyàn bá kó ike àti páálí wá ni a máa ń kọ owó sínú ìwé wọn, ní iye tí alágbàtà sọ fún wa ní oṣù tí ó kọjá. Nígbà tí a ó bá fi ta ọjà náà, iye rẹ̀ á ti já wálẹ̀. Owó tí a kọ fún àwọn ènìyàn ti ju owó tí ó wọlé lọ. Ní báyìí, àwọn kan fẹ́ gba owó wọn, kò sì sí owó tí ó tó nínú àpótí. Kí ni ṣíṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú làálàá, akápò. Gbèsè ni báǹkì yín jẹ, ó sì sàn kí ẹ pè é ní gbèsè láti ìsinsìnyí, nítorí pé iye tí a bá kọ sínú ìwé ìfowópamọ́ ẹnìkan ti di owó rẹ̀, yálà ọjà tà dáadáa tàbí kò tà. Àṣìṣe tí ó fa èyí wọ́pọ̀, ó sì wá láti inú ọkàn rere, nítorí pé ẹ fẹ́ kí àwọn ènìyàn lọ sílé pẹ̀lú iye tí ó dájú. Ṣùgbọ́n iye ọjà àtúnlò kì í dúró sójú kan. Epo rọ̀bì ni a fi ń ṣe ike tuntun, nítorí náà bí epo bá ti wálẹ̀, ike tuntun á dín owó, ẹni tí ó ń ra ògbólógbòó ike á sì dín tirẹ̀ kù. Nígbà tí China dá ọ̀pọ̀ oríṣi pàǹtírí ike àti ìwé tí ó ń wá láti ilẹ̀ òkèèrè dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018, iye àwọn ọjà wọ̀nyí já wálẹ̀ ní orílẹ̀-èdè tí ó jìnnà réré sí China. Kò sí akápò kan, bí ó ti wù kí ó gbọ́n tó, tí ó lè fi iye oṣù tí ó kọjá ṣe ìlérí fún oṣù tí ń bọ̀.

Ọ̀nà méjì ni ó wà láti ṣe é. Èkíní ni pé kí ẹ máa kọ owó ní ọjọ́ tí ẹrù bá wọlé, ṣùgbọ́n kí iye tí ẹ ń kọ kéré sí iye tí alágbàtà ń san. Bí alágbàtà bá ń san 100 lórí kílò kan, kí ẹ̀yin kọ 75 tàbí 80, kí àlàfo tí ó wà láàrin wọn lè gba owó ọkọ̀, ẹrù tí yóò fúyẹ́ lẹ́yìn tí ó bá gbẹ, àti ọjọ́ tí iye ọjà bá wálẹ̀. Iye náà gbọ́dọ̀ wà lára pátákó lẹ́nu ọ̀nà, kí a má sì yí i padà láàrin ọjọ́ ìgbẹrù kan. Ọ̀nà kejì ni pé kí ẹ kọ kílò nìkan sínú ìwé, kí ẹ tó wá pín owó nígbà tí ọjà bá ti tà. Ìlànà ọdún 2012 ní Indonesia mẹ́nu kan ìpín 85 sí 15 gẹ́gẹ́ bí èyí tí ó wọ́pọ̀ láàrin wọn: 85 nínú ọgọ́rùn-ún fún àwọn tí ó kó ẹrù wá, 15 fún báǹkì. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí ẹ bá ta 40 kílò ike ní 90 lórí kílò kọ̀ọ̀kan, 3,600 ni ó wọlé. Ẹ yọ 540 fún báǹkì, ó ku 3,060. Ẹni tí ó kó kílò 10 wá nínú 40 yóò gba 765. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ ìṣirò díẹ̀ lè tún un ṣe fúnra rẹ̀ nílé, ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn ọ̀nà kejì yìí fún báǹkì tí kò ní owó ìpìlẹ̀. Ìnira rẹ̀ ni pé ẹ gbọ́dọ̀ máa tà lóòrèkóòrè, nítorí pé àwọn ènìyàn kò ní fi ẹrù sílẹ̀ fún oṣù púpọ̀ láìmọ ohun tí wọn yóò rí lórí rẹ̀.

Ọ̀nà yòówù kí ẹ yàn, ìṣirò kan wà tí akápò gbọ́dọ̀ ṣe ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, kí ó sì kà á sókè ní ìpàdé. Ẹ ṣe àròpọ̀ gbogbo owó tí ó wà nínú ìwé ìfowópamọ́ àwọn ènìyàn. Ẹ ṣe àròpọ̀ owó tí ó wà lọ́wọ́ àti èyí tí ó wà nínú àkáùǹtì, kí ẹ fi iye ẹrù tí ó wà nílẹ̀ kún un ní iye ọjà ti òní, kí ẹ sì yọ owó ọkọ̀ tí yóò kó o lọ. Bí ti ẹ̀yìn yìí bá kéré sí ti àkọ́kọ́, báǹkì yín ti ń jẹ owó olówó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹnìkan tí ó mú kọ́bọ̀ lọ sílé. Owó àwọn ènìyàn àti owó báǹkì kò gbọdọ̀ wà nínú àpótí kan náà: owó ọkọ̀, okùn, àpò àti owó iṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa jáde láti inú ìpín báǹkì nìkan.

Ní ti gbèsè tí ó wà nílẹ̀, ẹ má ṣe fi ẹrù tuntun san owó àtijọ́ ní ìkọ̀kọ̀, nítorí pé ẹni tí ó dé kẹ́yìn ni yóò ru ẹrù náà. Ẹ pe ìpàdé, ẹ gbé ìwé sí iwájú gbogbo ènìyàn, ẹ sọ iye tí ó kù. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹni tí ó kọ́kọ́ dé gba gbogbo owó rẹ̀ kí àwọn tí ó tẹ̀ lé e má rí nǹkan kan. Kí ẹ pín èyí tí ó wà lọ́wọ́ ní ìwọ̀n owó tí olúkúlùkù ní nínú ìwé, kí ẹ sì kọ ìyókù sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ ó fi máa san án láti inú ìpín báǹkì. Inú yóò bí àwọn kan, kò sì yẹ kí ẹ bá wọn wí fún un. Láti ìgbà náà lọ, ẹ ya ọjọ́ ìgbowó sọ́tọ̀, kí ó jẹ́ ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí ọjà bá tà. Àwọn báǹkì kan tilẹ̀ fi gbèdéke oṣù mẹ́ta sí i kí ènìyàn tó lè gba owó, kò sì burú, bí ẹni náà bá ti mọ̀ kí ó tó kó àpò àkọ́kọ́ wá.

ÌBÉÈRÈ: Bí a bá wọn ẹrù wa níbí, 210 kílò ni. Bí ó bá dé ọ̀dọ̀ alágbàtà, ó di 188. Ó ní omi àti ìdọ̀tí ni òun yọ kúrò. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ wa gbà pé ó ń rẹ́ wa jẹ. Òṣùwọ̀n ta ni kí a gbà gbọ́?

ÌDÁHÙN: Kílò 22 nínú 210 ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ díẹ̀, kì í sì í ṣe ohun tí a lè fojú fò. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó na ìka sí alágbàtà, ẹ yẹ òṣùwọ̀n tiyín wò. Kò gba owó: ẹ wọn kẹ́ẹ̀gì òfìfo, kí ẹ bu omi lítà 20 gééré sínú rẹ̀, kí ẹ tún un wọ̀n. Kílò 20 ni ìyàtọ̀ náà gbọ́dọ̀ jẹ́, nítorí pé lítà omi kan jẹ́ kílò kan. Òṣùwọ̀n tí a gbé sórí ilẹ̀ tí kò tẹ́jú máa ń parọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí a fi ń kọ́ ẹrù, bí irin inú rẹ̀ bá ti rẹ̀. Ẹ máa ṣe ìdánwò yìí ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìgbẹrù, lójú ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé, kí ẹ sì kọ èsì rẹ̀ sí òkè ojú ìwé ọjọ́ náà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ẹrù fúnra rẹ̀. Páálí máa ń fa omi, kódà láti inú ilẹ̀ tí a tẹ́ ẹ sí, nítorí náà ẹni tí ó bá wọn páálí ní ọjọ́ òjò, omi ni ó ń fi owó rà. Ìgò ike tí a kò ṣí ìdérí rẹ̀ lè gbé omi pamọ́ sínú. Ìdérí yẹn kì í sì í ṣe irú ike kan náà pẹ̀lú ìgò. Nọ́ńbà tí ó wà lára ike ni ó ń sọ irú ike tí ó jẹ́: ìgò omi sábà máa ń ní nọ́ńbà 1 ní ìdí, nígbà tí ìdérí jẹ́ 2 tàbí 5; bí a bá jù wọ́n sínú omi, ti ìgò á rì, ti ìdérí á léfòó. Èyí tí ilé-iṣẹ́ bẹ̀rù jù ni kí ike nọ́ńbà 3 wọ àárín nọ́ńbà 1, nítorí pé díẹ̀ péré nínú rẹ̀ ti tó láti ba àpapọ̀ jẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń yọ́ ọ. Alágbàtà tí ó bá rí irú èyí nínú àpò kan yóò yọ owó lórí gbogbo àpò.

Nítorí náà, kí ẹ tó wọn àpò èyíkéyìí, ẹ dà á sórí tábìlì lójú ẹni tí ó kó o wá. Kí ẹni tí ń ṣà á fi ọwọ́ tú u ká, kí ó tú ìdérí, kí ó da omi inú ìgò nù, kí ó fi èyí tí kò yẹ lé olówó rẹ̀ lọ́wọ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, kí ó sì sọ ìdí. Nígbà tí ẹni náà bá fi máa padà wá ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, ilé ni yóò ti máa ṣe é. Iṣẹ́ tábìlì yìí ń gba àkókò, àwọn báǹkì tí ó ń kánjú sì máa ń fò ó, àmọ́ èmi kò mọ ohun mìíràn tí ó ń mú owó wọlé tó o.

Bí ẹrù yín bá ti gbẹ tí ó sì mọ́, ẹ jẹ́ kí ẹnìkan nínú yín bá ọkọ̀ lọ, kí òun àti alágbàtà jọ wọ̀n ọ́n, kí àwọn méjèèjì sì fọwọ́ sí ìwé ìwọ̀n náà. Iye tí yóò yọ nítorí omi tàbí ìdọ̀tí, kí ẹ ti fẹnu kò lé e lórí kí ẹrù tó kúrò nílẹ̀ yín. Bí àlàfo náà kò bá dín kù síbẹ̀, ẹ wá alágbàtà mìíràn. Báǹkì tí ó ní ẹnìkan ṣoṣo tí ń ra ọjà rẹ̀ kò lè dúnàá-dúrà. Ní Indonesia, àwọn báǹkì kéékèèké máa ń kó ẹrù wọn jọ sí ọ̀dọ̀ ìyá báǹkì kan tí ó ń bá ilé-iṣẹ́ sọ̀rọ̀ ní orúkọ gbogbo wọn. Bí àdúgbò mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ó sún mọ́ ara wọn bá lè kó ẹrù pọ̀ sọ́kọ̀ kan, wọn yóò ti rí nínú àǹfààní náà.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀dọ́mọkùnrin ni mí, èmi ni akọ̀wé báǹkì wa. Bàbá tí wọ́n dá a sílẹ̀ ni alága. Àwọn ni wọ́n ń wọn ẹrù, àwọn ni wọ́n ń kọ ìwé, àwọn ni wọ́n ń tà á, ọwọ́ wọn náà sì ni owó wà. Wọn kì í ṣe olè, gbogbo àdúgbò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣàìsàn, báǹkì dúró fún odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sí ẹni tí ó mọ iye tí ó wà nílẹ̀. Báwo ni mo ṣe lè bá wọn sọ ọ́ tí kò fi ní dà bí àfojúdi?

ÌDÁHÙN: Ìwọ náà ti mú ọ̀rọ̀ tí o máa fi bẹ̀rẹ̀ dání: àìsàn wọn. Má ṣe fẹnu kan owó rárá. Lọ bá wọn nílé, kì í ṣe ní ìpàdé, kí o sì bẹ ẹnìkan tí ó jẹ́ ẹgbẹ́ wọn pé kí ó bá ọ lọ. Dọ̀bálẹ̀, kí o kí wọn kú ìmúláradá, kí o dúpẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe, nítorí pé láìsí wọn kì bá tí sí báǹkì. Lẹ́yìn náà ni kí o sọ pé: “Bàbá, nígbà tí ara yín kò yá, àwa ọmọ yín kò mọ ibi tí a ó ti gbá nǹkan mú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́ wa.” Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè, bí o bá fi èyí bẹ̀ wọ́n, wọn yóò rí i pé o kò wá gba ipò lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n bá gbà, dá a lábàá pé kí wọ́n di bàbá ìsàlẹ̀ báǹkì náà, kí wọ́n máa ṣí ìpàdé, kí wọ́n máa bá àwọn aláṣẹ sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì máa parí aáwọ̀. Ọ̀dọ́ kankan kò lè ṣe ìyẹn bí wọ́n ṣe lè ṣe é.

Iṣẹ́ tí ó kù, ẹ pín in. Ẹni tí ń wọn ẹrù kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí ń kọ ìwé. Ẹni tí ń kọ ìwé kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí ń gba owó lọ́wọ́ alágbàtà. Bí ẹ kò bá ju mẹ́ta lọ, ó ṣì ṣe é ṣe. Àkáùnǹtì báǹkì gbọ́dọ̀ ní ìfọwọ́sí ènìyàn méjì kí owó tó jáde. Bí mo ti rí i, ètò yìí ń dáàbò bo olóòótọ́ ju bí ó ti ń mú olè lọ, nítorí pé ẹni tí gbogbo nǹkan wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní ẹlẹ́rìí ní ọjọ́ tí ẹnìkan bá fi ẹ̀sùn kàn án.

Ní ti ìwé, kí ó jẹ́ méjì: ìwé ìfowópamọ́ tí ó wà lọ́wọ́ olówó, àti ìwé ńlá tí ó wà ní báǹkì. Kí ìlà kọ̀ọ̀kan nínú ìwé ńlá ní ọjọ́, orúkọ, irú ẹrù, kílò, iye lórí kílò, àròpọ̀ owó, ìfọwọ́sí ẹni tí ó wọ̀n ọ́n àti ti ẹni tí ó kó o wá. Bíírò ni kí ẹ fi kọ ọ́. Bí àṣìṣe bá wà, ẹ má ṣe pa á rẹ́: ẹ fa ìlà kan ṣoṣo lé e lórí kí a ṣì lè kà á, ẹ kọ èyí tí ó tọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ènìyàn méjì sì fọwọ́ sí i. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ẹ bẹ ẹnìkan tí kò sí nínú ìgbìmọ̀, olùkọ́ tàbí ẹni tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ owó, pé kí ó lọ gba ìwé ìfowópamọ́ mẹ́wàá nílé àwọn tí òun fúnra rẹ̀ yàn, kí ó sì fi wọ́n wé ìwé ńlá ní ìlà sí ìlà. Kí ó sọ ohun tí ó bá rí ní ìpàdé, dáadáa tàbí burúkú.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé ó yẹ kí a kó gbogbo ìwé wa sórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà?

ÌDÁHÙN: Ó yẹ, bí ìwé tí ẹ ń fọwọ́ kọ bá ti péye fún oṣù mélòó kan. Bí kò bá péye, kọ̀ǹpútà kò ní tún un ṣe. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ojú ìwé ìṣirò lásán lórí kọ̀ǹpútà, tí ó ní àwọn abala kan náà tí a kà sílẹ̀ fún ìwé ńlá lókè, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí ibi méjì, ẹ má sì gba ìwé ìfowópamọ́ kúrò lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò ní fóònù tí wọ́n lè fi wo owó wọn.

ÌBÉÈRÈ: Ìyá àdúgbò ni mí, èmi ni mo ń pe àwọn obìnrin jọ fún báǹkì wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀, èrò pọ̀ débi pé a kò rí àyè dúró sí. Ní báyìí, díẹ̀ ni ó ń wá. Ṣé kí a máa fún àwọn tí ó bá wá ní ẹ̀bùn?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú akitiyan, Mà. Ẹ̀bùn yóò mú wọn wá ní ọjọ́ ẹ̀bùn. Dípò rẹ̀, ẹ mú ìwé ńlá, ẹ ṣàmì sí orúkọ àwọn tí a kò rí mọ́, kí ẹ sì kàn sí wọn nílé láti béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ẹ má ṣe bá wọn jiyàn. Ohun tí ẹ ó sábà gbọ́ ni pé wọ́n wá ní ọjọ́ kan, ẹ kò ṣí. Tàbí pé wọ́n tò pẹ́ nínú oòrùn. Tàbí pé ẹnìkan béèrè owó rẹ̀, a sì ní kí ó lọ kí ó padà wá. Bí ó bá jẹ́ àìṣí, ẹ mú ọjọ́ kan, kí ẹ má sì yẹ̀ ẹ́ nítorí òjò tàbí ayẹyẹ. Bí ó bá jẹ́ ìtò, ẹ fi tábìlì kan kún èyí tí ó wà, kí èkíní máa ṣà, kí èkejì máa wọ̀n.

Ẹ tún sọ òótọ́ fún wọn pé owó tí ó wà nínú pàǹtírí ilé kan kò pọ̀. Bí àwọn olùdásílẹ̀ bá ti ṣèlérí ọrọ̀, ìjákulẹ̀ ni yóò tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n owó kékeré tí a so mọ́ nǹkan kan pàtó máa ń fa ènìyàn: ìwé ọmọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́, tàbí àjọ ẹgbẹ́ obìnrin. Ní ìlú Malang ní Indonesia, dókítà kan, Gamal Albinsaid, dá ilé ìwòsàn kan sílẹ̀ tí ó ń gba pàǹtírí gẹ́gẹ́ bí owó ìbánigbófò ìtọ́jú ara lóṣooṣù. Èrò náà wú mi lórí, àmọ́ n kò ní gbà yín níyànjú pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ ní oníṣègùn tí ó ti gbà láti ru ìnáwó tí pàǹtírí kò bá lè ká.

ÌBÉÈRÈ: Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ní kí a kó ẹrù pamọ́ títí iye ọjà yóò fi gòkè. Àwọn aládùúgbò sì ti ń ráhùn pé eku àti ẹ̀fọn ti pọ̀.

ÌDÁHÙN: Ẹ tà á. Oòrùn máa ń jẹ́ kí ike gbó, ìwé máa ń jẹrà, ẹrù tí ó sì pọ̀ nílẹ̀ ni iná máa ń fẹ́ràn. Bí ẹ bá dúró de iye tí ó ga, ẹ̀yin ni ẹ ń ta tẹ́tẹ́, owó àwọn ará àdúgbò ni ẹ sì fi ń ta á. Ẹ fa ìlà sára ògiri ilé ìkẹ́rù, kí ó jẹ́ àṣẹ pé bí ẹrù bá ti kan ìlà náà, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wá kó o láàrin ọ̀sẹ̀ náà. Ẹ gbé páálí sórí pákó, kí ó má kan ilẹ̀. Ẹ da ojú agolo àti ike bolẹ̀ kí omi má bàa dúró sínú wọn fún ẹ̀fọn. Ohun tí a fi jẹun tàbí mu, kí a ti ṣàn án nílé kí ó tó dé. Àjẹkù oúnjẹ kò sì ní iṣẹ́ kankan ní báǹkì, inú ihò ajílẹ̀ ni ó yẹ.

Ẹ kọ àwọn ohun tí ẹ kò gbà sẹ́nu ọ̀nà: abẹ́rẹ́ àti ohun èlò ìwòsàn, ike oògùn apakòkòrò, agolo afẹ́fẹ́ tí a ń fọ́n, àti bátìrì. Bátìrì fóònù ni kí ẹ ṣọ́ jù lọ, nítorí pé bí ẹrù wúwo bá tẹ̀ ẹ́ tàbí bí nǹkan bá gún un, ó lè gbiná fúnra rẹ̀ láàrin páálí.

ÌBÉÈRÈ: Kí báǹkì wa tó dé ni àwọn kan ti ń ṣa ike àti irin kiri àdúgbò yìí. Wọ́n ní a ti gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn. Àwọn kan nínú wa ní kí a fi òfin lé wọn. Kí ni èrò yín?

ÌDÁHÙN: Ẹ má ṣe lé wọn. Iṣẹ́ tí báǹkì yín ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ni wọ́n ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́, láìsí ọpẹ́ àti láìsí ìbọ̀wọ́, òótọ́ sì ni ohun tí wọ́n sọ: páálí tí ó ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ yín ni wọ́n ń tà tẹ́lẹ̀ láti jẹun alẹ́. Báǹkì tí ó bá sọ àdúgbò di mímọ́ tí ó sì sọ àwọn tálákà àdúgbò di ẹni tí ebi ń pa kò tíì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán.

Ohun tí ẹ lè ṣe pọ̀. Ẹ fún wọn ní ìwé ìfowópamọ́ bí gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n kí ẹ san owó wọn lójú ẹsẹ̀, nítorí pé ẹni tí ń jẹ iṣẹ́ òòjọ́ kò lè dúró de oṣù mẹ́ta. Inú ìpín báǹkì ni kí owó ìsanwó-lójú-ẹsẹ̀ yìí ti jáde, kí ó má ṣe jẹ́ owó tí ẹlòmíràn fi pamọ́. Nítorí pé ẹrù wọn máa ń pọ̀ tí ó sì ti wà ní ṣíṣà, ó tọ́ kí iye tí ẹ ń san fún wọn ga ju ti ilé lọ díẹ̀. Àwọn arúgbó àti aláìlera tí kò lè gbé àpò dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ jẹ́ kí àwọn tí ń ṣa ike kiri yìí máa bá wọn gbé e, kí wọ́n sì gba owó iṣẹ́. Àwọn ni kí ẹ kọ́kọ́ fi iṣẹ́ tábìlì lọ̀ bí ẹ bá fẹ́ gba ẹni tí yóò máa ṣà; ọwọ́ wọn mọ ìyàtọ̀ láàrin ike kan àti èkejì kí ojú tiwa tó rí nọ́ńbà ìdí rẹ̀.

Kí ẹ tó ṣe òfin kankan, ẹ pè wọ́n sí ìpàdé tí ń bọ̀, ẹ fún wọn ní àga, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n yan ẹnìkan tí yóò máa jókòó nínú ìgbìmọ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè iye tí wọ́n ń ta oríṣi ẹrù kọ̀ọ̀kan àti ẹni tí wọ́n ń tà á fún, kí ẹ sì fi í wé iye tí ó wà lára pátákó yín kí ìpàdé náà tó tú.